Àwọn Elépo Òpó Kẹta

Ọ̀bẹ Orímisan wọ ẹnu karawun tó gbẹ̀yìn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, karawun là sí méjì. Àwọ̀ epo ló tún bá nínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú igbá ọwọ́ òsì, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méjìlá. Ó wo igbá ọwọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi òkun lọ. Ogún ló fà yọ lára òpó kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Elépo jẹ́ méjìlá. Aláìláwọ̀ jẹ́ mẹ́jọ, àwọn tí a kì í kà, ó sì ti jù wọ́n sídìí ọkọ̀. Ẹlẹ́kọ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìdí-Ògiri mọ ìyàtọ̀ wọn. Oníkarawun tí ara rẹ̀ pupa bí epo, abo ni. Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ, akọ ni. Aláìláwọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, èwe ni, kò tíì mọ ohun tí yóò jẹ́. Òpó tó bá ní elépo tí kò ní ẹlẹ́kọ kò ní bímọ lọ́dún náà. Òpó tí kò bá sì bímọ, kó tó pé ọdún mẹ́ta, àwọn àgbà ara rẹ̀ á máa já bọ́, ihò á dé, òkun á gba ihò náà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lòkun ti kó ìlú àwọn baba Orímisan lọ. Ògiri kọnkéré tí wọ́n mọ lẹ́yìn ìyẹn kò pé ọdún mẹ́jọ tó fi fọ́. Ògiri tí àwọn oníkarawun fi ara wọn mọ sórí òpó méje nìkan lòkun kò rí mú.

"Ẹ̀yin kọ́," Orímisan sọ fún àwọn elépo inú igbá, ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi."

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Ọjọ́ Ìtú pé, ọjọ́ tí oníkarawun ń tú ohun inú wọn sómi láti bímọ. Ìlú ti wà nínú oṣù Ìdákẹ́. Aṣọ pupa wà lára gbogbo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àjẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi ń tukọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ da omi gbígbóná sínú òkun, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ wẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé okùn òpó kankan sókè nínú omi, torí oníkarawun tí wọ́n bá dà láàmú nígbà tó ti kún lè tú ohun inú rẹ̀ dànù kí ọjọ́ tó pé.

Orímisan gé ẹran elépo kan, ó fi sínú ẹnu Atọ́wò, ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà jẹ ẹran, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ìyá tó ń ṣe ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Họ́móònù abo wà nínú ẹran yìí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Kò yẹ kó ju méjì lọ, torí ó lè sọ akọ di abo. Ilé kan ṣoṣo ló ń lo oògùn tó ní họ́móònù yìí nítòsí òpó kẹta. Ilé Gbayílà. Ẹ fi àtàǹpàkò yín jẹ́rìí sí i kí oòrùn tó wọ̀."

Orímisan jókòó lórí pákó ọkọ̀. Gbayílà lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọjà ilẹ̀ òkèèrè ló ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ Bọ́látitó nìkan ló wà nílé. Bọ́látitó ló ń lo oògùn náà, gbogbo ìlú ló mọ̀, torí òfin ní kí ẹni tó bá ń lò ó wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí oògùn rẹ̀ bá sì ba òpó jẹ́, ọkọ̀ ilẹ̀ á gbé e kúrò lórí omi lọ sórí ilẹ̀ fún ọdún méje. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú Bọ́látitó. Ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ni, kò ní ìpín ní Ìdí-Ògiri títí ayé.

*

Bọ́látitó ń hun okùn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ikùn, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá."

"Ìyàwó Gbayílà, má kúnlẹ̀ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè é láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e wọlé, bí ẹni pé ẹrù ọmọ òun ló jẹ́, tí òun kàn ń bá a tọ́jú. Bọ́látitó kò bínú sí i rí. Bí ó bá sì ń bínú, kò hàn lójú rẹ̀.

"Ìkòkò gbígbẹ rẹ dà?"

Ẹ̀ẹ̀kan ni Bọ́látitó wò ó, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò jáde, ìkòkò aláwọ̀ ewé tí ẹni tó ń lo oògùn gbọ́dọ̀ máa tọ̀ sí, tí wọ́n ń fi èdìdì dé lẹ́nu kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó gbé e lọ. Ó tún mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi sín àwọn èdìdì tí wọ́n ń dá padà fún un bí ẹ̀rí, ó sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e, Ìyá. Èdìdì mọ́kànlélọ́gọ́ta nìyí, ẹ kà á. Mi ò da ẹ̀kán kan sómi rí. Kódà òógùn ara mi, aṣọ ni mo fi ń nù ún, aṣọ yẹn kì í sì í wọ omi."

"Atọ́wò ní mọ́kànlá ló wà nínú ẹran òpó kẹta."

"Atọ́wò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀?"

Orímisan ń ka èdìdì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Méjì ni mo ti sin," Bọ́látitó wí, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ̀yin lẹ wẹ èkejì. Oògùn yìí ló jẹ́ kí èyí dúró. Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Ẹ kàn má sọ pé èmi ni mo ba Ògiri jẹ́, torí mi ò ṣe é."

Ó gba igbá lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀ láti bá a kó ohun tó wà nídìí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, oyún tàbí àìsí oyún. Ọmọ òkè odò ni, kò mọ iṣẹ́ òpó. Ó ń kó àwọn aláìláwọ̀ mẹ́jọ tí Orímisan ti jù sílẹ̀, ó sì gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá, àwọn èwe tòní mà tóbi o. Ẹ wo èyí, ó kún ọwọ́ mi."

Orímisan yíjú. Fún ogójì ọdún tó ti ń ṣí karawun, kò wo aláìláwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn: aláìláwọ̀ kò jẹ́ ẹlẹ́rìí, jù ú sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wọn ohun tí wọ́n bá ti jù sílẹ̀. Àmọ́ oníkarawun tó kún ọwọ́ àgbà kò lè dín ní ọdún mẹ́ta, ọlọ́dún mẹ́ta kì í sì í ṣe èwe ní òpó kankan.

Ó gba karawun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa awò jáde nínú àpò, awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó fi ọ̀bẹ họ ara ẹran tó mọ́ gaara yẹn díẹ̀ sórí gíláàsì, ó kán omi sí i, ó sì fi ojú sí i. Ó pẹ́ kó tó rí i. Wọn ò pọ̀, wọ́n wà káàkiri bí èèyàn tó ṣẹ́kù lọ́jà nígbà tí ọjà ti tú, àmọ́ wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń sáré kiri. Àtọ̀ ni. Akọ ni aláìláwọ̀ yìí. Ó yẹ èkejì wò, ó yẹ ẹ̀kẹta wò, akọ ni gbogbo wọn. Ẹlẹ́kọ kò sọnù lórí òpó kẹta. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti tú ohun inú wọn dànù ni, ara wọn sì ti ṣófo.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá gún Orímisan lọ́kàn, torí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n tú u.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, okùn kan lára òpó kẹta ti wúwo nítorí ewéko tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó mọ òfin. Ṣùgbọ́n ó rò pé wọn ò ní rí èémí mí, àánú wọn sì ṣe é. Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Ó fa okùn náà sórí ọkọ̀, ó jókòó sínú oòrùn, ó ń gé ewéko kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin sí wọn. Lẹ́yìn náà ló dá wọn padà sínú omi tútù. Ó rántí pé omi àyíká òpó dà bí omi ìrẹsì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo ìhà òpó ni, kì í ṣe okùn yẹn nìkan. Ó rò pé ìdọ̀tí ewéko ni. Ẹ ò rí nǹkan, àwọn tó fi ìfẹ́ gbé sókè ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àwọn ẹlẹ́kọ yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn elépo ò tíì kún nígbà yẹn, wọn ò lè dáhùn.

"Ìyá, kí lẹ rí?" Bọ́látitó bi í.

"Àṣìṣe ni," Orímisan wí. "Kì í ṣe tìrẹ."

*

Kò lọ bá Olórí Ògiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ tukọ̀ lọ sí òpó kẹfà, tó wà níta gbangba níbi tí ìgbì ti ń na Ògiri ní pàṣán, tí ilé kankan ò sí. Oníkarawun ibẹ̀ fi okùn tí wọ́n ti ara wọn hun so mọ́ra bí ẹbí tó ń sùn lórí ẹní kan. Orímisan ò débẹ̀ rí kó má dúró wò wọ́n. Wọn ò lójú, wọn ò lọ́wọ́, wọn ò ní egungun kan. Baba kì í rí ìyá, ìyá kì í rí baba. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó bá pé, akọ á tú tirẹ̀ sómi, abo tó bá gbóòórùn rẹ̀ á tú tirẹ̀ náà, àárín omi lọmọ á ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó kéré ju erùpẹ̀ lọ, tí yóò léfòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wá ibi dúró. Ara irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni odindi ìlú fẹ̀yìn tì. Ó máa ń yà á lẹ́nu títí omi á fi lé lójú rẹ̀, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Ó fi ẹran kan láti òpó kẹfà sẹ́nu Atọ́wò.

"Họ́móònù abo wà nínú ẹran yìí," ẹ̀rọ wí. "Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ méjìlá. Kò sí ilé kankan nítòsí."

Orímisan rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Òfin ní kí wọ́n yẹ òpó tó bá ń ṣàìsàn wò. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n yẹ èyí tára rẹ̀ le wò. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ohun tí àwọn ìlú ńlá etí òkun ń tọ̀ sómi ti dé ara gbogbo òpó méjèèje. Oníkarawun ń gbà á wọlé bí ẹni tó gba ẹrù àlejò, ó ń fi ọ̀rá wé e, ó ń kó o pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Wíwà tó wà níbẹ̀ kò sọ pé òun ló ń ṣàkóso ilé.

Èyí á gba Bọ́látitó sílẹ̀. Orímisan lè dúró síbẹ̀, kó dákẹ́ nípa okùn tó gbé sókè. Kò sẹ́ni tó rí i. Àmọ́ òpó kẹta ò ní bímọ lọ́dún yìí àfi tí wọ́n bá fún un ní ẹlẹ́kọ òpó mìíràn, wọn kì í sì í mú ti òpó kan lọ sí òmíràn tí wọn ò bá mọ ohun tó ṣe é, kí àrùn má bàa ràn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì gbé okùn sókè nínú Ìdákẹ́, wọ́n á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan Ògiri fún ọdún méje. Ní ọjọ́ orí Orímisan, ọdún méje sún mọ́ títí láé.

Ó tukọ̀ padà láìyára. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a, ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn ún ni pé òótọ́ fẹ́ràn láti máa sáré nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

*

Ajímọ̀kúnọlá, Olórí Ògiri, ń mu gààrí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tíì kọṣẹ́.

"Orímisan, ṣé àlàáfíà ni? Oòrùn ti fẹ́ wọ̀, mi ò tíì rí àtàǹpàkò rẹ."

"Ẹ kúulé, Bàbá. Ẹ ò ní rí i." Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá aláìláwọ̀ kalẹ̀, ó gbé Atọ́wò tì í, ó kó okùn èdìdì lé e. "Ilé Gbayílà kọ́."

"Ọmọ rẹ ni Gbayílà. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ nìyẹn."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí òpó kẹfà." Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. "Bàbá, ilé ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹfà?"

Bàbá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹja nìkan ló ń gbé ibẹ̀." Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. "Ó dáa. Ọmọbìnrin yẹn mọ́. Ta ló wá pa ẹlẹ́kọ òpó kẹta?"

"Kò sẹ́ni tó pa wọ́n. Àwọn nìyí. Mo dà wọ́n láàmú, wọ́n sì tú kí ọjọ́ tó pé. Mo gbé okùn wọn sókè láti gé ewéko."

"Nínú Ìdákẹ́?"

"Nínú Ìdákẹ́, Bàbá."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Kí ló wá dé tí o fi ń sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ gba ẹlẹ́kọ òpó kẹrin lọ́wọ́ yín. Ẹ ò lè fún mi láìmọ ìdí." "Àti pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ lọ wá ẹ̀bi. Mo bi í léèrè ìkòkò rẹ̀, Bàbá. Ojú ń tì mí."

Ajímọ̀kúnọlá na ọwọ́. Orímisan tú ọ̀bẹ níbàdí, ọ̀bẹ ìyá rẹ̀, tí igi ìdí rẹ̀ ti jẹ wọnú nítorí ọwọ́ obìnrin mẹ́ta tó ti dì í mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Òfin ò mojú," Bàbá wí. Ó gbé ọ̀bẹ lé itan. "Látìgbà tí ìyá rẹ ti fi ọ̀bẹ yìí lé ọ lọ́wọ́ ni mo ti ń wò ọ́. Mi ò rí ẹni tó mọ Ògiri bí tìrẹ, mi ò sì tíì rí ẹni tó gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá fún mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Màá fi epo pa ọ̀bẹ náà, mi ò ní jẹ́ kó dípẹtà." Ó tún mú ṣíbí rẹ̀. "Òfin gba ọwọ́ rẹ kúrò lára Ògiri. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹnu."

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìtú, omi dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ìlú to yí òpó kẹta ká, àwọn èèyàn ò sì sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ti kó igba ẹlẹ́kọ láti òpó kẹrin sínú ọpọ́n dúdú, wọ́n ti rẹ wọ́n sínú omi tútù láti ìdájí, kí wọ́n tó wá gbé wọn sínú oòrùn kí wọ́n lè tú. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó tú okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó pẹ́, omi inú ọpọ́n ti dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò.

Orímisan dúró lórí afárá pákó, lẹ́yìn ìlà ẹfun tí wọ́n fà fún un. Ojú àwọn ará ìlú ń lọ sí ìbàdí rẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ò sí mọ́, wọ́n sì ń tètè gbójú kúrò. Àṣà ni pé ilé tó sún mọ́ òpó jù ni yóò da omi sí i, nítorí náà Bọ́látitó ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọpọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà díẹ̀ nítorí ikùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ara òpó kẹta hàn gbangba nínú omi, elépo tò lé elépo títí wọ inú òkùnkùn ìsàlẹ̀.

"Má tíì dà á," Orímisan wí. "Wo ẹnu wọn. Ṣé etí rẹ̀ ti wú?"

"Kò tíì wú, Ìyá."

"Dúró dè wọ́n. Wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni."

Wọ́n dúró. Ẹyẹ kan kọjá lókè. Ajímọ̀kúnọlá, tí wọ́n gbé wá lórí àga, ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀.

"Ó ti wú. Ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀."

"Ó yá, rọra. Bí ẹni ń bu omi sórí ọmọ."

Omi funfun wọ inú òkun, ó rọra ràn mọ́ ara òpó. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Orímisan ń mí lọ́nà tí ọmọdé fi ń mí nígbà tó bá ń retí nǹkan. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ òun ló pa òpó kẹta, kò sí ẹnu tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni elépo kan, nítòsí ojú omi, tú èéfín pupa kékeré kan jáde. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáhùn. Mẹ́wàá dáhùn, ọgọ́rùn-ún dáhùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òpó láti orí dé ibi tí ojú ò tó, títí omi àyíká wọn fi pọ́n bí ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Ẹyin ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. A kì í pariwo lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, àwọn obìnrin gbé ọwọ́ lé àyà.

Ọwọ́ Orímisan lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà nu ojú.

"Ìyá," Bọ́látitó pè láti inú ọkọ̀, "ó ku ìlàjì. Ṣé kí n dà á tán?"

"Dà á tán, ọmọ mi."

Ọwọ́ Bọ́látitó dúró lórí ọpọ́n. Ó gbójú sókè, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó da gbogbo rẹ̀ sómi.